Ẹsẹ̀ Iwájú Píjò

Mọ́tò eré-ìje ni mo ní. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa ní Doka, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, nítorí ohun tí wọ́n ń wò lẹ́nu ọ̀nà ilé mi kò ju Píjò 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin lọ, funfun tó ti ń di àwọ̀ eérú, irú èyí tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba ń gùn nígbà tí Ṣàgàrí wà lórí oyè. Lójú tiwọn, mọ́tò eré-ìje gbọ́dọ̀ jẹ́ onílẹ̀kùn méjì, kó kúrú mọ́lẹ̀, kó sì máa bú ramúramù níbi tó dúró sí. N kì í bá wọn jiyàn títí. Ọdún méjì péré ni mo máa ń dá fún wọn: 1975 àti 1978.

Ní 1975, Píjò 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló wà á. Arne Hertz jókòó tì í, ó ń ka ọ̀nà fún un. Ní 1978, 504 tún gbà á. Onílẹ̀kùn méjì ni tọdún yẹn, èyí tí ilé-iṣẹ́ Pininfarina mọ ara rẹ̀ ní Turin, tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà sí nínú, Jean-Pierre Nicolas ọmọ Faransé ló sì wà nídìí sítíárìn. Ẹni tó ṣe ipò kejì lọ́dún náà, Porsche 911 ló gùn. Bẹ́ẹ̀ ni, Porsche. Wọ́n wá sí Safari láyé ọjọ́un, wọ́n tún wá, wọn kò gbà á. Nicolas kò sinmi lọ́dún náà, ó gbé 504 lọ sí Côte d'Ivoire, ó tún lọ gba ìdíje Bandama. Kí ẹ má sì fojú kékeré wo Bandama o: lọ́dún 1972, nínú gbogbo mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó parí rẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì 504 le ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ló fi gba ife. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó rọ̀, ó ní àyè tó pọ̀ láti wọlé kó sì jáde, nítorí náà táyà kì í fi ilẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀nà ti wù kó rí. Mọ́tò tó le gbagidi lè sáré jù ú lọ lórí ọ̀dà tó tẹ́jú. Bó bá dé ojú ọ̀nà tí òjò ti wó, awakọ̀ rẹ̀ á tẹ bíréèkì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà ṣẹ́. Ẹni tó ń gun 504 kò ní tẹ̀ ẹ́. Àwọn onímọ́tò tó kúrú mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ gun bọ́ǹpù àdúgbò wa, tí ọkọ́ ń ha wọn nínú, tí gbogbo ọmọdé ìta á sì dúró máa wòran.

Oṣù Kẹta 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí PAN, bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kakuri, ní òdìkejì odò Kàdúná. Ìparí oṣù kan náà, lásìkò Àjíǹde, ni Andersson gba Safari. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ní Kakuri fi èyí ṣe ìpolówó nígbà náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ìpolówó tó dára jù ú lọ. Mọ́tò tó borí nínú ẹrẹ̀ Kenya ni wọ́n ń fi síkúrù dè pọ̀ ní ìlú tiwa. Láàárín ọdún díẹ̀, òun ni ọkọ̀ ọlọ́pàá, òun ni ọkọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yà rẹ̀ tó gùn lẹ́yìn sì ni ọkọ̀ èrò tó ń ná Èkó sí Kàdúná, tí èrò méje ń há sí inú rẹ̀ tí wọ́n á sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ti kú.

Ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò yìí kò ṣòro í mọ̀, ohun tó sì jẹ́ kí n láyà láti fọwọ́ kàn án nìyẹn. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Earle MacPherson, tó ṣiṣẹ́ ní General Motors kó tó lọ sí Ford, ló gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀. Lára àwọn mọ́tò tó kọ́kọ́ gbé e jáde ni Ford Consul àti Zephyr ti 1950. Píjò fi í sí 404 ní 1960, wọ́n sì gbé e wọ 504 ní 1968. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ mọ́tò ní apá irin méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti búṣì lóríṣiríṣi. MacPherson ní apá òkè kò pọn dandan. Ó sọ ṣọ́ọ̀kì di ẹsẹ̀ gan-an. Ṣọ́ọ̀kì dúró lóòró, sípíríǹgì wé mọ́ ọn lọ́rùn, orí rẹ̀ há mọ́ ara mọ́tò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jókòó lé apá irin ìsàlẹ̀, tí à ń pè ní lówà-áàmù, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kan. Bí o bá yí sítíárìn, gbogbo ẹsẹ̀ náà ló ń yí. Ohun tó lè gbó níbẹ̀ kò pọ̀: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì yẹn, táì-rọ́ọ̀dù tó so ó mọ́ sítíárìn, àwọn búṣì rọ́bà tó wà ní ìdí lówà-áàmù àti sítábíláísà, bíàrín inú họ́ọ̀bù, rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì, àti ọ́ọ̀lì inú ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá lè mọ bí ilẹ̀kùn ṣe rọ̀ mọ́ férémù lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ́ńjìnnì kì í gba ìwọ̀sí. Bó bá ti kọ̀, ó kọ̀ nìyẹn, o ó sọ̀kalẹ̀ tì í, kò sì sí bí o ṣe lè díbọ́n pé o kò mọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ní tirẹ̀ a máa bá ọ mu. Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dún kò-kò lórí bọ́ǹpù, wàá pa rédíò láti gbọ́ ọ dáadáa. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, o ti ń gbé ohùn rédíò sókè. Sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí apá òsì, ọwọ́ rẹ á kọ́ bí a ṣe ń dá a padà sí ọ̀tún láìjẹ́ pé o rò ó. Táyà á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wàá sì bú ẹni tó tà á fún ọ. Mo mọ àwọn ọkùnrin olóye ní ìlú yìí, àwọn tí wọ́n ń bínú bí tíì wọn bá tutù, tí wọ́n ń wa mọ́tò tí wíìlì iwájú rẹ̀ lè yọ lójú ọ̀nà Abújá nígbàkigbà. Tí o bá bi wọ́n, wọ́n á ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Gbólóhùn yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò. Bó ṣe máa ń ṣe. Mọ́tò kankan kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Nígbà tí mo sọ pé n óò tú ẹsẹ̀ iwájú fúnra mi, ìyàwó mi wo irun orí mi tó ti ń funfun, ó ní, “Bàbá Tómi, ṣé mẹkáníìkì ti tán ní Kàdúná ni?” Wọn kò tán. Wọ́n pọ̀ ju mọ́tò lọ níbòmíràn. Ohun tó sú mi ni ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà mọ àìsàn: wọ́n á wa ọkọ̀ náà dé ìyànà, wọ́n á padà, wọ́n á ní ṣọ́ọ̀kì ni. O ra ṣọ́ọ̀kì, ariwo kò lọ. Wọ́n á ní ó ku bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. O rà á. Ó ku búṣì. Níkẹyìn gbogbo rẹ̀ á di tuntun, ariwo á sì lọ, ẹnikẹ́ni kò sì mọ èyí tó jẹ̀bi. Ó pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kí ọwọ́ tèmi tẹ ọ̀daràn náà.

Ìgbẹ́jọ́ yẹn kò sì le. Gbé iwájú mọ́tò sókè kí táyà kúrò nílẹ̀. Di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mì ín. Bó bá mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bíàrín ni. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí o tún mì ín. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíàrín ló jẹ̀bi, nítorí bíréèkì ti so họ́ọ̀bù mọ́ ẹsẹ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró, wo ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà di táyà mú lápá òsì àti lápá ọ̀tún, mì ín: táì-rọ́ọ̀dù nìyẹn, tàbí ráàkì sítíárìn. Ti búṣì, ọ̀pá irin gígùn ni wàá tì bọ àárín lówà-áàmù àti férémù, kí o fi gbé e díẹ̀. Rọ́bà tó ti ya á la ẹnu sí ọ. Ti ṣọ́ọ̀kì, wo ara rẹ̀ bóyá ó tutù fún ọ́ọ̀lì. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, kò sì ná ọ ní kọ́bọ̀. Ní tèmi, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì apá ọ̀tún ti lọ, búṣì lówà-áàmù méjèèjì ti ya, ṣọ́ọ̀kì apá ọ̀tún sì ti sunkún títí omijé rẹ̀ fi gbẹ mọ́ ọn lára. Táì-rọ́ọ̀dù tí gbogbo mẹkáníìkì ń fẹ̀sùn kàn le dandan.

Pàńtẹ́kà ni mo gbà lọ, ní Túdún Wádà, nítòsí Kaduna Polytechnic. Ẹni tí kò bá dé Pàńtẹ́kà rí kò tíì mọ ohun tí irin lè dà. Níhìn-ín wọ́n ń lu ilẹ̀kùn, lọ́hùn-ún wọ́n ń rọ ìkòkò, ní ẹ̀gbẹ́ kan ọmọ kékeré kan ń to nọ́ọ̀tì àtijọ́ sínú agolo ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, kò sì wojú sípánà kó tó mọ èyí tó jẹ́ mẹ́tàlá àti èyí tó jẹ́ mẹ́rìnlá. Òkú Píjò pọ̀ níbẹ̀ débi pé ó máa ń ṣe mí bíi pé PAN kò kógbá sílé rárá, ó kàn kó wá sí Túdún Wádà ni, ó wá ń ṣiṣẹ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì mẹ́ta ni oníṣòwò náà kó síwájú mi. Èyí tó dán jù, tó wà nínú páálí aláwọ̀ búlúù, ló fi Ọlọ́run búra lé lórí pé ojúlówó ni. Mo gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́. Mo fi àtàǹpàkò ti ìdí rẹ̀, ó yí bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ṣíbí ro ẹ̀kọ. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tuntun kì í yí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ le débi pé wàá fi gbogbo ọrùn ọwọ́ sí i kó tó sún, kó sì dúró síbi tí o bá yí i sí. Èkejì jẹ́ tòkúnbọ̀, rọ́bà rẹ̀ ti ya, iyanrìn ti wọnú gíríìsì. Ẹ̀kẹta kò ní páálí rárá, gíríìsì àtijọ́ ti gbẹ mọ́ ọn, ó wúwo, ó le, òwú bóòtì rẹ̀ mọ́ pọ́nńbélé. Ó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù láìtà nítorí kò lẹ́wà. Owó tí oníṣòwò náà gbà lórí rẹ̀ kéré sí ti onípáálí. N kò bá a du owó púpọ̀, kí ó má baà tún un wò.

Ti búṣì ló fa àríyànjiyàn. Àwọn kan wà ní Pàńtẹ́kà tí wọ́n ń fi táyà tírélà gé búṣì, wọ́n á lọ̀ ọ́ roboto, wọ́n á lù ú mọ́ inú irin àtijọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn á sì wù ọ́. Ó máa ń pẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n rọ́bà táyà ní wáyà àti okùn nínú, ó le ju ohun tí àwọn tó ṣe mọ́tò náà ní lọ́kàn lọ, gbogbo òkúta tí táyà bá sì gùn lá dé ìdí àga rẹ. Ẹni tó ń fi 504 kó iyanrìn lè fi sí i. Ẹni tó ní mọ́tò eré-ìje kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ojúlówó rọ́bà ni mo rà, mo san iye tí n kò ní sọ fún Ìyá Tómi.

Ilẹ̀ iwájú ilé wa kò le tó, ọkọ́ àti iyanrìn ni, nítorí náà pákó fífẹ̀ ni mo tẹ́ sábẹ́ jáàkì. Mo fi òkúta sọ táyà ẹ̀yìn, mo dẹ nọ́ọ̀tì wíìlì nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kí n tó gbé mọ́tò sókè, mo sì fi ìtì igi méjì tó nípọn gbé férémù dúró. Kí ẹ jọ̀wọ́ gba èyí lẹ́nu mi: jáàkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé mọ́tò sókè. Dídúró síbẹ̀, iṣẹ́ ìtì igi tàbí ti irin ìdúró ni. Mo ti gbọ́ ìròyìn òkú púpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ó kàn ní kí òun wo nǹkan kan lábẹ́ mọ́tò.”

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àtijọ́ kì í fẹ́ jáde. Ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kan, ó nípọn lápá kejì, ó sì ti há mọ́ ojú ihò rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Ohun tí a máa ń rí lẹ́bàá ọ̀nà ni pé kí wọ́n máa lu ẹnu rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí òwú rẹ̀ yóò fi fọ́, tí nọ́ọ̀tì kò ní lè padà mọ́. Ọ̀nà tó dára ni kí o dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀, má yọ ọ́ tán, kí o wá fi òòlù ńlá kan ti ẹ̀gbẹ́ kan irin tó di ìdí náà mú, kí o fi òòlù kejì lu òdìkejì rẹ̀ gbàà, lẹ́ẹ̀kan. Irin tó yí i ká á fún pọ̀, á tú, ìdí náà á já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀tì á sì gbà á mú kó má baà jábọ́ sí ọ lẹ́sẹ̀. Ariwo rẹ̀ nígbà tó bá já yàtọ̀ sí ti òòlù. Ẹni tó gbọ́ ọ kò ní ṣì í mọ̀ mọ́.

Sípíríǹgì ni ibi tí n kò ti ṣe akin. Bí ṣọ́ọ̀kì ṣe dúró yẹn, sípíríǹgì tó wà lọ́rùn rẹ̀ wà ní fífún pọ̀. Bí o bá tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ láìkọ́kọ́ di sípíríǹgì náà mọ́lẹ̀, agbára tó ń gbé iwájú mọ́tò ni yóò fò jáde sí ọ lójú. Irin ìdè méjì tí wọ́n ní ọ̀pá olówùú ni wọ́n fi ń fún un pọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ní ìdojúkọ ara wọn. Ọmọ Hausa kan tó ní ìsọ̀ mẹkáníìkì nísàlẹ̀ àdúgbò wa ló ní i, mo lọ háyà rẹ̀. Ó ní, “Alhaji, n óò tẹ̀ lé yín.” N kò lọ Mẹ́kà rí, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n ní Kàdúná, ọkùnrin tó bá ti ní ewú lórí àti mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ti di Alhaji nìyẹn. Inú mi dùn pé ó tẹ̀ lé mi. Ó yí ìdè ọ̀tún díẹ̀, ó yí ti òsì díẹ̀, ó tún padà sí ti ọ̀tún, kò jẹ́ kí ọ̀kan ṣíwájú èkejì, kò sì fìgbà kan dúró síbi tí ẹnu sípíríǹgì kọjú sí. Ó lé gbogbo ọmọdé tó ń wòran kúrò. Nígbà tí sípíríǹgì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí àwo tó jókòó lé, tí a lè fi ọwọ́ yí i, ìgbà náà ló tó ní kí n mú sípánà wá fún nọ́ọ̀tì òkè. Òun kò kàwé dé ibi kankan. N kò tíì rí ẹ̀kọ́ lórí agbára àti ìfarabalẹ̀ tó yé mi tó bẹ́ẹ̀.

A fọwọ́ ti ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ wọlé. Ó wọlé láìjanpata, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú. Ti tuntun ń bá ọ jà, bí o bá sì fi í sílẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ń padà. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì nìyẹn, kì í ṣe láti gbé mọ́tò. Sípíríǹgì ló ń gbé e. Ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún sípíríǹgì pé ó tó. Bí kò bá sí i, 504 tó ti gba bọ́ǹpù kan á máa jó títí dé ìyànà kejì. Nítorí náà la ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ ní méjì-méjì, àní bí ẹyọ kan ṣoṣo ló jò, kí ọ̀tún má baà dákẹ́ nígbà tí òsì ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó wù mí jù láti sọ fún ẹni tó ń kà mí, mo rò pé kò sí mẹkáníìkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá ẹ̀bá ọ̀nà tó ń ṣe é. Búṣì rọ́bà kì í yí nínú ihò rẹ̀. Irin inú rẹ̀ há mọ́ bóòtì, irin òde rẹ̀ há mọ́ lówà-áàmù, rọ́bà àárín ló ń lọ́ díẹ̀ díẹ̀ bí táyà ṣe ń lọ sókè sódò. Bí o bá fún bóòtì rẹ̀ le nígbà tí mọ́tò wà lókè, tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, ibẹ̀ ni rọ́bà á rò pé ilé òun wà. Nígbà tí o bá wá sọ mọ́tò kalẹ̀, tí ẹsẹ̀ gba ìwúwo, rọ́bà náà ti lọ́ pátápátá kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láìpẹ́ á ya, wọ́n á sì ní Ṣáínà ló ṣe é. Yí bóòtì náà wọlé díẹ̀ nìkan, dá wíìlì padà, sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, tì í síwájú, tì í sẹ́yìn, gbé ìwúwo lé e níwájú kó jókòó dáadáa, ìgbà náà ni kí o tó yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ láti fún bóòtì búṣì le. Ó ń ni èèyàn lára, àyè kò sí níbẹ̀, iyanrìn á kún ọ lọ́rùn. Búṣì á sì pẹ́.

Ti àláìnmẹ́ǹtì, bí o bá ní láti tú táì-rọ́ọ̀dù, ka iye òwú tó hàn kí o tó tú u, kí o dá tuntun padà sí iye kan náà. Na okùn láti táyà ẹ̀yìn dé táyà iwájú, kí ojú rẹ tọ́ ọ wò. Yóò tó láti gbé ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ fún un. Okùn kì í ṣe ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó fẹ̀yìn tì ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò. Ó gbé àga jáde, ó ń wò wá. Mo rò pé yóò máa kọ́ wa ni. Kò sọ nǹkan kan títí. Nígbà tí mo fi bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àtijọ́ hàn án, tó ń mì lọ́wọ́ mi gba-gba-gba, ó gbà á, ó mì ín fúnra rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ní gbogbo ọdún tí òun fi ṣiṣẹ́, òun kò rí èyí tó gbó rí. Inú àpótí ni wọ́n ti ń kó wọn jáde, gbogbo rẹ̀ tuntun, gíríìsì ṣì wà lára wọn, iṣẹ́ tòun ni láti dè é, kí ó sì kọjá sọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé òun. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ mọ́tò yìí. Àwa kàn mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀.”

Mo ń rò ó títí di ìsinsìnyí. Kàdúná jẹ́ ìlú tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan ńlá sí ní pípé: ilé-iṣẹ́ aṣọ lóríṣiríṣi, ilé-iṣẹ́ mọ́tò, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú fèrè òwúrọ̀ tó ń jí èèyàn. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ni bí a ṣe ń gbọ́ kò-kò nígbà tó ṣì kéré. UNTL, ilé-iṣẹ́ aṣọ tó tóbi jù, ti ilẹ̀kùn ní 2007. Ní nǹkan bí ìgbà kan náà, ní 2006, ni 504 tó kẹ́yìn kúrò ní Kakuri. Kò sí èyí tó kú lójijì nínú méjèèjì. Wọ́n ti ń dún tipẹ́, a ti ń gbé ohùn rédíò sókè. N kò sọ pé ìtì igi àti òòlù méjì ni ìbá ti gbà wọ́n. Ọ̀rọ̀ iná, ọ̀rọ̀ aṣọ fàyàwọ́ àti ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè tóbi ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n “bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn” wà nínú rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀.

Láti 2022, ilé-iṣẹ́ Dangote ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò ní Kàdúná, 301 àti 3008 wà lára wọn. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò lábẹ́, ní ìdúró, láìgba àṣẹ. Ètò MacPherson kan náà ló wà níwájú wọn. Ọmọ Hausa tó ní irin ìdè yẹn kò ní wáṣẹ́ tì.

Bí o bá wá ra Píjò 504 ní ìlú yìí, àwọn tó ń tà á yóò kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ọ, wọ́n á ní kí o gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Kí wọ́n pa á ná. Ní kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀, kí wọ́n ti ìtì igi sábẹ́ rẹ̀, kí o di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí o mì ín. Bí ẹni tó ń tà á bá ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, yọ iye bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, búṣì mẹ́rin àti ṣọ́ọ̀kì méjì kúrò nínú owó rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà.